Ọ̀já Ara Ògiri Òkè-Ẹfun

Ní ìlú Òkè-Ẹfun, láyé ìgbà tí ògiri ilé ṣì jẹ́ amọ̀ pọ́ńbélé, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ògiri kíkùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wa ẹfun lára òkè, ó ń lọ osùn, ó ń gún èédú, orín tí ó rún lẹ́nu ni ó sì fi ń kùn wọ́n. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Bí ó bá kun ògiri ilé kan tán, àwọn tí ń bọ̀ láti oko a gbàgbé pé ẹrù wà lórí àwọn, wọn a dúró máa wò. Ohun kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró kò mọ̀ ọ́n ṣe láyé rẹ̀: kò mọ bí a ti í wí fún ènìyàn pé rárá. Bí o bá ní kí ó bá ọ gbé odò wá sílé, yóò ní òun ó gbìyànjú.

Ní ọdún kan, òjò wó gbọ̀ngàn tí àwọn ará ìlú ti ń pàdé. Gbogbo ìlú dìde, wọ́n tún un mọ, ṣùgbọ́n wọ́n sún un kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ọ sí ìdojúkọ igi ọdán ńlá, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà odò. Wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, orí ilé náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wá ku ògiri iwájú tí ó wà lásán bí ojú ẹni tí kò tíì lé tìróò.

Lákanmí, olówò obì tí ọlá rẹ̀ kò farasin, tọ Baálẹ̀ lọ. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan ní ìlú kejì tí ó mọ àwòrán yà, òun ó bọ́ ọ, òun ó sì pèsè gbogbo ohun tí yóò fi kùn ún. Ohun tí òun ń fẹ́ kò ju kí wọ́n ya òun lórí ẹṣin sí àárín ògiri náà lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwọn àgbà, nítorí ta ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ẹrù fún òun? Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró gbọ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lára gbọ̀ngàn tí ó wó ni iṣẹ́ ìyá rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ya ọ̀já funfun kan láti ìkángun ògiri dé ìkángun kejì, ó gbá ilé náà mú gẹ́gẹ́ bí ọ̀já ti í gbá ọmọ mú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó mọ ọ̀já náà yà mọ́ àfi Àwẹ̀ró. Bí ẹṣin Lákanmí bá gba ògiri yẹn, ọ̀já ìyá rẹ̀ parẹ́ nìyẹn.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

“Baba, ẹ má bínú sí mi,” ni ó wí. “Gbogbo wa la jọ mọ ilé yìí. Bí ẹnì kan bá dá a kùn, ilé ẹnì kan ni yóò dà. Ẹ jẹ́ kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá, kí n fi kùn ún.”

Baálẹ̀ ronú títí. “Ó dára,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ọdún ìjẹṣu kò jìnnà mọ́, àwọn àlejò yóò sì wá. Bí ọdún bá ku ọ̀la, èmi àti Lákanmí yóò wá wò ó. Bí kò bá dára tó, ẹni Lákanmí yóò da ẹfun bò ó, yóò sì kun tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún.”

Báyìí ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ìyá Aládìyẹ, arúgbó tí ń jókòó lábẹ́ ọdán láti òwúrọ̀, kó ẹyin wá, nítorí omi ẹyin ni í jẹ́ kí àwọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìbídùn, aláró, ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró, gbé ìkòkò aró kan sílẹ̀ pátápátá. Àwọn alágbẹ̀dẹ mú èédú wá. Ọdẹ́jàyí tí kò ní nǹkan mìíràn ju ìbọn rẹ̀ lọ ní òun ó máa fi ẹran ìgbẹ́ sínú ọbẹ̀ Àwẹ̀ró, kí ó má baà máa sá lọ sóko nígbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́. Àwọn kan mú osùn wá, àwọn kan pọnmi. Àwẹ̀ró kò rí irú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú nǹkan wá kì í ṣàì ní ohun tí ó fẹ́ wí.

“Ọmọ mi,” ni Ìyá Aládìyẹ wí, “ṣé o ó bá mi ya àgbébọ̀ mi kan síbẹ̀?”

“A ó yà á, ìyá,” ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Ọdẹ́jàyí ní ajá òun tí ó kú sóko ọdẹ ńkọ́, ajá tí ó gba òun lọ́wọ́ ẹfọ̀n? Àwẹ̀ró ní kí ló dé tí òun kò ní yà á. Àwọn alágbẹ̀dẹ fẹ́ ẹwìrì. Ẹni tí ó pọnmi ẹ̀ẹ̀kan péré fẹ́ kí wọ́n ya ìkòkò òun, ó sì ní kí ó hàn pé ó kún. Àwẹ̀ró ń gbà á fún gbogbo wọn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Ẹ̀rù ń bà á ni pé bí òun bá kọ̀ fún ẹnì kan, ọwọ́ yóò dẹ̀, Lákanmí yóò sì gba ògiri.

“Ìwọ Àwẹ̀ró,” ni Ìbídùn wí fún un lọ́jọ́ kan, “mo ti ń ka ohun tí o ti ṣèlérí. Bí a bá kọ́ gbọ̀ngàn méjì sí i, wọn kò ní gbà á. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.”

“Jẹ́ kí n ṣe é tán ná,” ni Àwẹ̀ró wí. “Bí wọ́n bá rí i pé ó dára, wọn yóò gbàgbé.”

Wọn kò gbàgbé. Bí ó ti fa ìlà àkọ́kọ́ báyìí, Ọdẹ́jàyí ti dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. “Níbo ni ajá mi yóò dúró sí?” Alágbẹ̀dẹ kan ní dúdú rẹ̀ kò dú tó, àfi bí ẹni pé èédú àwọn kò dára. Ẹnì kan ní kí ó mú un wá sókè, ẹnì kejì ní kí ó mú un lọ sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, orí Àwẹ̀ró gbóná. Ó lọ yá ẹní kiri, ó ri òpó oparun mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí ògiri, ó sì ta ẹní yí gbogbo iwájú gbọ̀ngàn ká. Ó bọ́ sáàárín, ó sì pa á dé.

Ah, ìsinmi dé. Kò sí ẹni tí ń béèrè ajá. Àwẹ̀ró ń kọrin lábẹ́nú, ó ń kùn. Bí ìyá rẹ̀ ti í ṣe ni òun náà ṣe: àyà rẹ̀ ni ó fi ń wọn gíga ọ̀já náà. Yóò dúró, yóò fi ìka sí ibi tí ògiri ti kan àyà rẹ̀, yóò ṣe àmì, yóò sún síwájú, yóò tún ṣe àmì. Ó gbàgbé pé orí ilẹ̀ títẹ́ ni gbọ̀ngàn ìyá òun wà. Ẹní sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn kí ó wo ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe. Ó ya ewé, ó ya ẹyẹ odò, ó ya òṣùmàrè. Kò ya ajá, kò ya ẹwìrì, kò sì ya àgbébọ̀ kankan.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún pé, ó ké sí àwọn ènìyàn, ó sì ká ẹní náà kúrò ní òwúrọ̀.

Wọ́n wò ó. Olúkúlùkù ń wá ohun tirẹ̀ kiri ara ògiri, kò sì rí i. “Ó dára,” ni ẹnì kan wí. “Ẹ kú iṣẹ́,” ni ẹlòmíràn wí, bí a ti í kí ẹni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà. Ọdẹ́jàyí gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fẹ́ máa lọ. Ìkíni tútù yẹn dun Àwẹ̀ró ju èébú lọ.

Lábẹ́ ọdán lọ́hùn-ún, Ìyá Aládìyẹ fi ọwọ́ ṣíji bo ojú rẹ̀.

“Àwẹ̀ró,” ni ó wí, “ọ̀já yẹn ti ń bọ́ sílẹ̀. Ọmọ á jábọ́.”

“Ìyá, kò lè rí bẹ́ẹ̀,” ni Àwẹ̀ró dáhùn, inú sì ń bí i díẹ̀. “Mo wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

“Mi ò bá ọ jà. Wá dúró níbi tí mo wà.”

Àwẹ̀ró rìn lọ sábẹ́ ọdán, ó yíjú padà, ó wò. Orí ilé tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ọ̀já náà ń bá ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, sí ìhà odò, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpìlẹ̀. Kò sí ìyá kan tí yóò pọn ọmọ báyìí. Iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi gba ọ̀já ìyá rẹ̀ là, òun fúnra rẹ̀ ni ó bà á jẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. “Ẹ lọ sọ fún Lákanmí kí ó mú ẹni rẹ̀ wá,” ni ó wí. “Mo ti ṣẹ̀ yín. Mo gba osùn yín, mo gba ẹyin yín, mo sì ṣèlérí ohun tí mo mọ̀ pé n kò ní ṣe. Nígbà tí ẹ wá béèrè, mo ta ẹní dí yín lójú. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ògiri kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bà mí.”

Ọdẹ́jàyí ni ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. “Ká ní o sọ fún mi ni,” ni ó wí, “n kì bá tí lọ sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n máa retí ajá.” Ó dùn ún, ó sì wí i bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

“Ní tèmi,” ni Ìyá Aládìyẹ wí, “adìyẹ mi ń bẹ nílé, mo ń rí wọn lójoojúmọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó gba ẹyin mi gbọ́ ohùn mi ni. Dìde, ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ sídìí ògiri, fi ìka sí i. Àwa tí a wà níhìn-ín ń rí i. A ó sọ ibi tí ó yẹ kí o fà á sí.”

Ìbídùn ti mú ọbẹ lọ bẹ̀rẹ̀ sí ha ọ̀já wíwọ́ náà kúrò. Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀, ó lọ fi ìka sí ògiri. Bí ó ti fi í síbẹ̀, ogún ẹnu ni ó ṣí lẹ́ẹ̀kan. Gbé e sókè, sọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni, kì í ṣe ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alágbẹ̀dẹ tún rántí ẹwìrì. Àwẹ̀ró yíjú padà, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí.

“Rárá,” ni ó wí. “Ohun tí n ó yà, ọwọ́ tèmi ni kí ẹ fi í sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gún tàbí bí ó bá wọ́, ojú tiyín ni mo fẹ́. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ ná. Bí ẹ bá fẹnu kò, kí Ìyá Aládìyẹ ké sí mi.”

Ó yà á lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó bínú. Wọ́n fojú sí i. Wọn a wò, wọn a jiyàn díẹ̀, ohùn arúgbó náà yóò sì wá láti abẹ́ ọdán: “Gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó tó.” Àwẹ̀ró a ṣe àmì, a sún síwájú. Ní apá odò, ó ní láti gun àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Báyìí ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí Baálẹ̀ àti Lákanmí dé ní ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la, ó ku ìwọ̀n apá méjì kí ọ̀já náà parí. Baálẹ̀ jókòó. Lákanmí dúró, ó fa ojú ro. Nígbà tí ó yá, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò.

“Ibẹ̀ yẹn ṣì lọ sílẹ̀ díẹ̀,” ni ó wí.

“Òótọ́ ni,” ni Ìyá Aládìyẹ wí. “Àwẹ̀ró, gbé e sókè.”

Ó gbé e sókè, ó fa ìlà náà parí. Wọ́n wá fi omi tí wọ́n ti rẹ èèpo èso igi igbá, igi irú, sí wọ́n ọn, ògiri sì ń dán. Ọ̀já ìyá Àwẹ̀ró gbá gbọ̀ngàn mú láti ìkángun dé ìkángun, ó tọ́ bí ọ̀pá.

“Lákanmí,” ni Baálẹ̀ wí, “ṣé kí wọ́n da ẹfun bò ó?”

Lákanmí rẹ́rìn-ín, ó mi orí. “Baba, bí wọ́n bá bò ó, ojú tèmi tí ó bá wọn wò ó náà ni wọ́n bò.”

Ní ọjọ́ ọdún, àwọn àlejò pọ̀ níwájú gbọ̀ngàn. Wọ́n béèrè ẹni tí ó kùn ún. Ọdẹ́jàyí ní, “Àwa ni,” àwọn alágbẹ̀dẹ náà ní, “Àwa ni,” Àwẹ̀ró sì gbọ́, kò jiyàn. Àlejò kan fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó wo ògiri, ó ní kí ni ẹ fi wọ̀n ọ́n tí ó fi gún tó báyìí? Ìyá Aládìyẹ ni ó dá a lóhùn láti abẹ́ ọdán rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ọjọ́ náà sì ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń pa á lówe títí di òní olónìí pé, ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún.