Obì Tí Ẹfúnyẹmí Fi Ń Bọ́ Ẹyẹ

Ọdẹ́tọ̀nà ọdẹ àti Ẹfúnyẹmí ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Odídẹrẹ́ kan ni wọ́n jọ tọ́ dàgbà, èyí tí Ọdẹ́tọ̀nà gbé láti inú ihò igi nígbà tí kò tíì hu ìyẹ́. Ìkó ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ìrù rẹ̀ tó pupa fòò. Ẹyẹ náà gbọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́n jù. Ohun tí ẹnu bá sọ nínú ilé náà kì í pẹ́ dé ẹnu rẹ̀, ohùn ẹni tó sọ ọ́ ni yóò sì fi sọ ọ́.

Nígbà òjò ọdún kan, òtútù àyà dá Ọdẹ́tọ̀nà dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín, àwọn èrò túká, ilé wá dá páro. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe opó rí, ẹ mọ irú ìdákẹ́ tí mo ń wí. Ẹfúnyẹmí á dáná, á tún pa á, nítorí kò rí ẹni tí yóò gbé oúnjẹ fún.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ààrò nígbà tí ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Yẹmí, obì mi dà?"

Ohùn Ọdẹ́tọ̀nà ni. Igbá ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan. Ó wo òkè, ó rí Ìkó lórí igi tó máa ń bà lé, tó dorí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi ojú kan ṣoṣo tẹjú mọ́ ọn.

"Yẹmí, obì mi dà?"

Obìnrin mìíràn ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ ni. Ó mú obì, ó là á, ó sì na awẹ́ kan sí ẹyẹ náà. "Ẹ gbà, olówó orí mi." Ìkó gbà á, ó jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Ẹfúnyẹmí kò fún Ìkó ní ẹyìn àti àgbàdo mọ́. Ta ni yóò fi àgbàdo gbígbẹ bọ́ ọkọ rẹ̀? Iyán ni ó ń gún fún ẹyẹ, ọbẹ̀ tó níyọ̀ tó sì lálùbọ́sà ni ó ń sè fún un, obì ni yóò sì fi parí rẹ̀. Obì kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹyẹ. Bí Ìkó ṣe ń jẹ obì tó ni ó ń sọ̀rọ̀ tó. Ó ń rẹ́rìn-ín Ọdẹ́tọ̀nà, ó ń wúkọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò wí pé, "Òtútù ń mú mi," Ẹfúnyẹmí yóò sì fi gbérí, ẹ̀wù ọdẹ olóògbé, bo igi tó bà lé. Inú obìnrin náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò gba iwájú ilé náà kọjá mọ́, wọ́n ní òkú ń jẹun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́tọ̀nà obìnrin, tí ń gbé ní abà. Nítorí pé ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ lórúkọ, Eyínmẹ́nugún ni Ẹfúnyẹmí ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí eyín rẹ̀ gún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Wọ́n ní àbúrò mi ti jí, ó ń jẹ iyán nílé rẹ, o ò sì ránṣẹ́ pè mí kí n wá bá a jẹ ẹ́!"

Ìkó dá a lóhùn láti orí igi, "Òtútù ń mú mi."

Ẹ̀rín kú mọ́ Eyínmẹ́nugún lẹ́nu. Orí rẹ̀ wú. Ó pẹ́ kó tó lè súnmọ́ ẹyẹ náà. Ìgbà tó súnmọ́ ọn, ó rí i pé ìyẹ́ àyà rẹ̀ ti re tán, ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi, eegun igbáàyà rẹ̀ sì yọ ṣonṣo.

"Ìyàwó, ẹyẹ yìí ń kú lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ṣé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń mọ alààyè?"

Bí wọ́n ti ń wí báyìí, Ìkó fẹ́ fò wá sí èjìká Ẹfúnyẹmí. Ó na ìyẹ́, ó fò, ló bá já lulẹ̀ pọ̀ọ́. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó yanu, ó ní, "Yẹmí, obì mi dà?"

Ọwọ́ Ẹfúnyẹmí ti dé etí aṣọ tó di obì sí. Eyínmẹ́nugún gbá ọwọ́ náà mú. "Ṣé obì ni yóò fi fò?"

Ẹfúnyẹmí bú sẹ́kún. "Bí mi ò bá fún un, yóò dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ọkọ mi tún kú nìyẹn. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni kí n sin ọkọ kan ṣoṣo ni?" Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì na obì náà.

Ìkó pa ẹnu dé. Ìgbà tó tún la ẹnu, ohùn obìnrin ló jáde, ohùn Ẹfúnyẹmí fúnra rẹ̀ ni:

"Ó dàárọ̀ o. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ máa bá wọn jẹ."

Ọ̀rọ̀ tí Ẹfúnyẹmí fi dágbére fún ọkọ rẹ̀ létí sàréè nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, Ìkó kò sí nílé. Abà ni Eyínmẹ́nugún gbé e lọ kí igbe má baà dẹ́rù bà á. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ta ló sọ fún ẹyẹ? Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Obì jábọ́ lọ́wọ́ Ẹfúnyẹmí. "Èmi ni mo ní kó lọ bá wọn jẹun lọ́hùn-ún," ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí, "èmi náà ni mo tún ń pè é wá jẹun níbí."

"Jẹ́ kí òkú jẹ ti òkú, ìyàwó wa," Eyínmẹ́nugún wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Kí ẹyẹ jẹ ti ẹyẹ."

Kò rọrùn o. Wọ́n gbé ìbẹ́pẹ pípọ́n síwájú Ìkó, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Eyínmẹ́nugún bá jókòó síwájú rẹ̀, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ náà fúnra rẹ̀, ó ń pọ́nnu lá, títí ọrùn ẹyẹ fi gùn. Ìgbà tí Ìkó jẹ ẹ́, Ẹfúnyẹmí fẹ́ kó oríṣiríṣi èso dà síwájú rẹ̀, Eyínmẹ́nugún ní rárá: ohun tuntun kan ni kó kọ́kọ́ mọ̀, bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, a ó mọ èyí tó bà á jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fọ tẹ̀tẹ̀, wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ mọ́ àgbàdo tútù. Wọ́n fún un ní ẹyìn, wọ́n fún un ní ata, tí ń ta wá lẹ́nu tí kì í ta á. Èyí tó bá jẹ kù, wọ́n á kó o dànù kó tó kan. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Bí ara Ìkó ṣe ń mókun, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Ọdẹ́tọ̀nà ń dín lẹ́nu rẹ̀. Ikọ́ ló kọ́kọ́ lọ, ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹfúnyẹmí tẹ́tí títí, súfèé ẹyẹ nìkan ló gbọ́. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ìgbà tí wọ́n ń kó ilẹ̀ bo ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀ kò fọwọ́ kan obì.

Nígbà ọyẹ́, Ìkó ń ṣa àgbàdo kiri àgbàlá nígbà tí àṣá já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ẹfúnyẹmí figbe ta, ó sáré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè bá a. Èékánná àṣá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn Ìkó kó tó na ìyẹ́. Ó gbéra, ó ré òrùlé kọjá, ó ré orí ọ̀pẹ kọjá, ó sì wọ inú ewé ìrókò lọ. Àṣá mú afẹ́fẹ́ lásán.

Nígbà tí Ìkó padà wá bà lé èjìká rẹ̀, tó gbóná, tó wúwo, tí kò sọ ohun kankan, Ẹfúnyẹmí nu ojú rẹ̀ nù, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó wá kí i láti abà, tó ti sáré jáde síta. "Eyínmẹ́nugún," ó ní, "ó jẹ oúnjẹ òkú, ó ṣubú lulẹ̀ bí òkú. Ó jẹ oúnjẹ ẹyẹ, òun ló gbé fò yẹn."

Ẹnu obìnrin opó yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde, òun náà ni àwọn àgbà gbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò.