Ọ̀dà Tuntun Lórí Ìpẹtà

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ta ló tó sọ fún Tìámíyù? Wẹ́dà ní ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ tán, kó jẹ́ kóun jó irin tuntun sí i. Tìámíyù rẹ́rìn-ín: "Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀?" Ó tẹ́ rọ́ọ̀gì lé ihò tó wà nílẹ̀ inú ọkọ̀, ó kun ara ọkọ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí, ó wá fi lọ gbé ìyá ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n kó sí kòtò kan, gbì! Ẹsẹ̀ màmá já ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yọ, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́rẹ̀.

Tìámíyù bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Màmá, ẹ má bínú."

"N ò bínú, ọkọ ọmọ mi. Bó o ṣe dọ̀bálẹ̀ yẹn, ṣáà bá mi wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá bàtà mi wà níbẹ̀."