Ẹ̀ka tí Ọ̀kẹ́tẹ́ Kò Rì Mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá dúró létí òkun, tí ẹ gbọ́ ohùn ọmọdé láti inú omi, tí òfin ìlú yín sì sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ lọ, ṣé ẹ máa lọ? Mo ti pa àlọ́ yìí fún àwọn ọmọ mi ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí bóyá èmi á lọ, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń sọ pé ká kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ ná.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra pàá, ó gba orí ẹrẹ̀, ó gba orí yanrìn, ó fẹsẹ̀ kọ àpáta, ó ṣubú lu Ọ̀kẹ́tẹ́ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Abíọ́nà.

Inú igbó ni Ọ̀kẹ́tẹ́ ń gbé. Ẹ̀kùrọ́ kún ihò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ kò yó rí. Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ lẹ́nu Lékeléke pé oúnjẹ kan wà létí òkun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.

Ọ̀kẹ́tẹ́ ní, "Ta ló ni ín?"

Lékeléke ní, "Ẹni tó bá he é."

Ọ̀kẹ́tẹ́ kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ìyá Abíọ́nà ti kú, kò sí ẹni tó lè fi ọmọ tì, ló bá mú un dání. Ó mú àpò kan náà dání. Àpò yẹn tóbi ju Abíọ́nà lọ.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n dé abúlé kan tí gbogbo ilé rẹ̀ dúró lórí òpó lójú omi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi ọkọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Abíọ́nà dúró, ó ń wò.

"Bàbá, ẹ wo ilé tó ń wẹ̀."

"Ṣé ó ṣeé jẹ?"

"Rárá."

"Jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n wọ àárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ta jáde nínú omi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Alákàn kan tó ní èékánná ńlá kan ṣoṣo jókòó lẹ́nu ihò, ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni ń pe oníbàárà. Ọ̀nì la ẹnu kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń wọ inú ẹnu náà, ó ń jáde, bí ẹni ń gbálẹ̀ yàrá.

"Bàbá, ẹ wo ẹyẹ tó ń fọ eyín ọ̀nì."

"Ṣé ó ṣeé jẹ?"

"Àwa ni wọ́n máa jẹ, bàbá."

"Jẹ́ ká tètè máa lọ."

Wọ́n dé abúlé kejì. Èéfín ẹja bo gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò pọ́n, ajá wọn gan-an ń húkọ́. Ọ̀kẹ́tẹ́ jẹ ẹja níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì lé e.

Abúlé kẹta ni wọ́n ń pè ní Ìdí-Àpáta. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti já. Àpáta dúdú dúró ṣágaṣàga nísàlẹ̀, òkun ń kọlù wọ́n, gbì, gbì, gbì, ìfófòó ń fò sókè. Àwọn ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sínú ojú àpáta níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé.

Ọgbọ̀n obìnrin ló máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ ṣa ìṣáwùrú lára àpáta náà nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Kí obìnrin kan tó sọ̀kalẹ̀, á gé ẹ̀ka tútù kan, á rì í mọ́ inú yanrìn lókè. Bó bá gòkè, á fà á tu. Bí ẹ̀ka kan bá ṣì dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sílé. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Èbúté ló ń ṣọ́ àwọn ẹ̀ka náà.

Ìyá Èbúté sọ fún Ọ̀kẹ́tẹ́ pé, "Àlejò, o káàbọ̀. Bí o bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, gé ẹ̀ka méjì, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti ọmọ rẹ. Rì wọ́n mọ́lẹ̀ níbí."

"Bí mi ò bá rì í ńkọ́, ìyá mi?"

"Òkun yìí a máa sín ènìyàn jẹ. Ó ti fi ohùn ọmọ pe ìyá mẹ́ta wọ inú omi rí, àwọn ọmọ wọn sì wà nílé tí wọ́n ń sùn. Láti ìgbà náà, bí a bá gbọ́ ohùn nísàlẹ̀, ohun kan ṣoṣo la máa ń bi í: ẹ̀ka rẹ dà? Ẹni tó bá ní ẹ̀ka, a ó sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́. Èyí tí kò bá ní, òkun ni."

Ọ̀kẹ́tẹ́ mi orí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lára àpáta kan tó jìnnà sáàárín omi, níbi tí àwọn obìnrin kì í dé. Ìṣáwùrú ibẹ̀ tó ìkúùkù. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, bí mo bá ri ẹ̀ka mọ́lẹ̀, wọ́n á rí i pé mo ṣì wà nísàlẹ̀, wọ́n á wá mi wá, wọ́n á sì rí ibi tí mo ti ń ṣa.

Ó ní, "Ó di ọ̀la, ìyá mi. Ẹsẹ̀ ń dun ọmọ."

Ẹsẹ̀ kankan kò dun ọmọ.

Nígbà tí omi fà lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀yìn igbó sọ̀kalẹ̀.

Abíọ́nà ní, "Bàbá, ẹ̀ka wa ńkọ́?"

"Ẹ̀ka wo? Ṣé ewúrẹ́ ni wá?"

"Ìyá àgbà yẹn sọ pé..."

"Ìyá àgbà yẹn kò bí ẹ."

Wọ́n dé orí àpáta náà. Ọ̀kẹ́tẹ́ ń ṣa, ó ń kó o sápò, kò gbójú sókè. Oòrùn yí. Abíọ́nà ní, "Bàbá, àwọn alákàn ń dí ilẹ̀kùn wọn." Ọ̀kẹ́tẹ́ ní bóyá òtútù ló ń mú wọn. Àpò kún. Ó dúró lé e lórí kí ó lè gba méjì sí i. Ìgbà tó máa gbójú sókè, omi ti gba ẹ̀yìn wọn yọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá kò sí mọ́.

Lókè, àwọn obìnrin ti fa ẹ̀ka wọn tu. Ìyá Èbúté kà á, ó pé ọgbọ̀n. Wọ́n ti ń gbé agbọ̀n rù nígbà tí wọ́n gbọ́ orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é.

Ẹ̀yin ìyá mi tó wà lókè,
*Ẹ̀ka rẹ dà?*
Omi ti mù mí dé orúnkún,
*Ẹ̀ka rẹ dà?*
Ọmọ mi ń bẹ léjìká mi,
*Ẹ̀ka rẹ dà?*

Ọ̀kẹ́tẹ́ tún gbé e.

Ẹ̀yin ìyá mi tó wà lókè,
*Ẹ̀ka rẹ dà?*
Omi ti mù mí dé ìbàdí,
*Ẹ̀ka rẹ dà?*
Ọmọ mi ń bẹ lọ́rùn mi,
*Ẹ̀ka rẹ dà?*

Ìyá Èbúté wo yanrìn. Yanrìn mọ́ lóló. Ó ní, "Òkun ni. Ẹ jẹ́ ká lọ." Àwọn kan fi ọwọ́ bo etí ọmọ wọn.

Ìgbà náà ni Abíọ́nà sọ̀rọ̀. Kò kọrin ní tirẹ̀. Ìjà ló ń bá bàbá rẹ̀ jà.

"Mo sọ fún yín, bàbá. Mo sọ fún yín láàárọ̀. Ẹ ní ìyá àgbà yẹn kò bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi ńkọ́?"

Obìnrin tó kéré jù nínú wọn, Mosúnmọ́lá, dúró. Ọmọ oṣù mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Èbúté, ṣé ẹ gbọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́."

"Òkun lè sunkún bí ọmọ. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kó máa bá bàbá rẹ̀ jà?"

"N kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ dà?"

Mosúnmọ́lá wo ẹ̀ka tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu. Ó tún un rì mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Òun rèé. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀."

Obìnrin kan ní, "Ìwọ tí o dúró níwájú wa yìí?"

"Ẹ máa wò mí, ìyáálé mi. Mo ń lọ."

Ẹ̀ka ti dúró, òfin ti mú gbogbo wọn. Wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ọ̀kan ń kùn pé ọkọ òun ń retí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ń kùn, ó sì ń tú gèlè. Wọ́n tú ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ, wọ́n so ọ̀já mọ́ ọ̀já, wọ́n so gèlè mọ́ ọn, wọ́n di òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n jù ú, fìì, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà. Nǹkan dì í mú. Ó wúwo. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, wọ́n fà á gòkè.

Àpò ìṣáwùrú ni.

Ìyá Èbúté ní, "Ìyàwó, òkun ti fi ìṣáwùrú tàn wá. Fa ẹ̀ka rẹ tu."

Mosúnmọ́lá tẹ̀ ba, ó wo kókó tí wọ́n ta sí ẹnu àpò. Ó ní, "Òkun kì í di àpò." Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé Ìyá Èbúté lọ́wọ́, ó so ọ̀já mọ́ ìbàdí, ó wọ inú omi.

Omi gbé e lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi ti mu Ọ̀kẹ́tẹ́ dé ọrùn. Abíọ́nà jókòó sórí rẹ̀, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Mosúnmọ́lá gba ọmọ mọ́ra.

Ọ̀kẹ́tẹ́ ní, "Ṣé àpò mi dé òkè?"

"Ó dé."

"Kò dà nù?"

Mosúnmọ́lá ní kó di etí ìró òun mú. Àwọn obìnrin lókè fà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Ọ̀kẹ́tẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń gbọ̀n. Ó na ọwọ́ kan sí ọmọ, ó na èkejì sí àpò.

Ìyá Èbúté ní, "Dúró ná. Nígbà tí ọ̀já dé ọwọ́ rẹ, èwo lo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí wa?"

Ọwọ́ Ọ̀kẹ́tẹ́ ti bà lé àpò.

"Èyí tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni tìrẹ. Gbé e, kí o máa lọ. Èyí tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ilé tó ń lọ."

Wọ́n bi Abíọ́nà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nínú ìró Mosúnmọ́lá. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ jẹun. Ó jẹun. Nígbà tó jẹun tán, ó bèèrè ibi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀ka, kó lè mọ̀ ọ́n fún ọ̀la.

Ọ̀kẹ́tẹ́ nìkan ló gbé àpò kọjá abúlé eléèéfín, tó gbé e kọjá ilé orí omi. Kó tó dé igbó, ìṣáwùrú ti rà, ó sì dà á nù.

Ibi tí àlọ́ mi so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ nìyí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí omi gbé bàtà mi lọ. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé ẹni tó bá sá fún ojú àwọn ènìyàn kó lè dá jẹ, kò ní rí ojú kankan nígbà tí ewu bá dé, kò sì yẹ kó mú ọmọ dání lọ síbẹ̀. Òbí tí okùn bá tẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ni kó kọ́kọ́ so mọ́ ọn.

Èmi náà ti bí ọmọ méjì kí ìyá àgbà ilé wa, ẹni tó pa àlọ́ yìí fún mi, tó sọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Nínú ọgbọ̀n obìnrin tó dúró lókè lọ́jọ́ náà, Mosúnmọ́lá nìkan ni kò mọ omi wẹ̀.