Okùn Láwọyin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ta pọ́ún, ó kó sínú òkun, ó fò jáde, ó bọ́ lé Láwọyin ọmọ Àwẹ̀ró lórí. Bí mo bá dá orin, kí ẹ máa gbè é pé, "Gé okùn."

Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin kan wà létí òkun tó ń jẹ́ Láwọyin. Ebi kò pa á. Kì í ta ẹja. Kì í jẹ ẹja tó bá mú. Eré ló ń fi ìwọ̀ ṣe, kí aráyé lè máa kan sáárá sí i.

Èèwọ̀ kan wà nílùú wọn. Bí ìwọ̀ bá gbé àkùràkudà, ẹja ńlá eléyín mímú nì, inú omi ni wọ́n ti ń gé okùn fún un. Bákan náà ni fún ẹja pẹlẹbẹ tó ní ìrù bí ẹgba. Oyún ni wọ́n ń gbé bí ènìyàn, ọmọ wọn kì í sì í pọ̀. Àkùràkudà ló sì ń lé ẹja kéékèèké wá sínú àwọ̀n ará ìlú.

Láwọyin ní, "Ṣebí kí n má ṣáà ti pa á ni?"

Ó mú àkùràkudà kan. Ó so okùn mọ́ ọn ní ìrù, ó ju okùn kọ́ ẹ̀ka igi etí omi. Ó fà á, ó fà á, ó fà á, ẹja rọ̀ dirodiro. Ará ìlú pàtẹ́wọ́. Ó wá sọ ọ́ padà sómi.

"Mo ti dá a sílẹ̀. Kò kú."

Irọ́ ńlá! Ìwúwo ara rẹ̀ ti fọ́ ọ nínú. Lọ́jọ́ kejì, òkú rẹ̀ léfòó.

Ó mú ẹja pẹlẹbẹ. Ó gbé òun náà kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà léfòó.

Inú bí Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀. "Láwọyin, bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Àwọ̀n ará ìlú ti ń ṣófo."

"Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo pa wọ́n. Mo dá wọn sílẹ̀ ni."

Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Abo àkùràkudà ni, ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀. Bó ti so okùn mọ́ ọn ní ìrù, tó sì ju okùn kọ́ ẹ̀ka igi, ẹja fi orin sẹ́nu:

Láwọyin ọmọ Àwẹ̀ró o,
*Gé okùn.*
Oyún inú mi ti gbó o,
*Gé okùn.*
Má gbé mi kọ́ sókè o,
*Gé okùn, gé okùn.*

Àwẹ̀ró gbọ́ orin náà nídìí iná ẹja yíyan. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sáré.

Ṣé Láwọyin gé e? Aláìláàánú! Ó ní, "Ẹja tó ń kọrin! Gbogbo ayé ni yóò wá wo èyí!" Ó fa okùn. Ẹja náà fi gbogbo agbára fa okùn síhà ibú. Okùn tó ká sílẹ̀ sì kọ́ Láwọyin lẹ́sẹ̀, ó fà á sókè, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbè é:

Àwẹ̀ró ìyá mi o,
*Gé okùn.*
Ẹsẹ̀ mi mà ń já lọ o,
*Gé okùn.*
Ẹ má jẹ́ n kú sókè o,
*Gé okùn, gé okùn.*

Àwẹ̀ró dé. Kò tíì gé e. Ó kígbe pe ará ìlú, "Ẹ wá wò ó! Àtẹ́wọ́ yín dà?"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró, nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Ó gé okùn. Ẹja wọ ibú lọ pẹ̀lú oyún rẹ̀. Láwọyin ṣubú gbìì.

"Yéè! Ìyá mi, ẹsẹ̀ mi!"

Àwẹ̀ró ní, "Kí ló ṣe ọ́? Mo ti dá ọ sílẹ̀. O ò kú."

Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí ẹja.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi ìyà ẹlòmíràn ṣeré, kó má pe ara rẹ̀ ní aláàánú torí pé òun kò pa á. Ibi tí ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo bí Láwọyin ṣe ń tiro.