Ilẹ̀kùn Tí A Wọ̀n Lórí Ìtì Igi

Lójú ọ̀nà tó gba ìlú Oǹdó lọ sí àwọn abúlé olóko kòkó, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà. Akínwándé ni orúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ tó ti tẹ̀ tàbí tí ìpẹtà ti jẹ lára wá fún, á fi òòlù àti iná ìjórin dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó mọṣẹ́. Ó mọ̀ pé òun mọṣẹ́, ìyẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá a.

Ní ọdún kan, wọ́n wọ́ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ agbẹ̀bí ló ni ín. Fún ọgbọ̀n ọdún, ọkọ̀ yìí ni ìyá fi ń gbé àwọn aboyún tó ń rọbí láti abúlé lọ sí ọsibítù. Akínwándé fúnra rẹ̀ kò dé ọsibítù kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù yẹn ni ìyá rẹ̀ bí i sí, lórí ẹní, láàárín àpò kòkó méjì. Ìyá rẹ̀ sọ ìtàn náà títí ó fi kú, inú Akínwándé sì máa ń dùn nígbàkigbà tó bá gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń díbọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú.

Abúlé ìyá agbẹ̀bí ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun, ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n sì dá láti ṣí i. Ìyá sọ pé òun kò ní wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí òun fi gbé àwọn ìyá abúlé náà ni òun yóò wọ̀ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n eékún ìyá ti le, kò lè gun ọkọ̀ gíga mọ́. Ó bẹ Akínwándé pé kó fẹ ẹnu ọ̀nà iwájú, kó sì ṣe àtẹ̀gùn irin sí i, kí òun lè máa wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan ń ti òun nídìí. Akínwándé ní kò sí ìyọnu, kí ìyá lọ máa rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Iṣẹ́ ọpẹ́ ni òun fẹ́ fi èyí ṣe.

Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi ìtì igi ńláńlá gbé abẹ́ rẹ̀ ró láàárín kó má baà mì. Oṣù mẹ́ta ló lò lórí rẹ̀. Ó gé gbogbo ibi tí ìpẹtà ti jẹ dànù, ó jó irin tuntun sí i. Ó la ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó sì jó àtẹ̀gùn irin mọ́ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wá kan ilẹ̀kùn, kò sí èyí tó bá a mu lọ́jà, nítorí náà ó mú irin pẹlẹbẹ, ó sì ń fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tẹ̀ bí ara ọkọ̀ náà ṣe tẹ̀. Nígbà tó gbé e kọ́, ilẹ̀kùn náà padé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìka kan ló fi tì í. Akínwándé pe gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wá wò ó. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i, ó tún tì í, títí àwọn ènìyàn náà fi rántí pé àwọn náà ní iṣẹ́ tí àwọn fi sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, wọ́n dá táyà padà, wọ́n yọ ìtì igi, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Akínwándé na ìka sí ilẹ̀kùn. Kò padé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, igun òkè rẹ̀ há mọ́ ara ọkọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ìtì igi ló ń bá ọkọ̀ náà gbé àárín rẹ̀. Nísinsìnyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó ń ru ìwúwo ara rẹ̀, àárín ti rọ̀ díẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fẹ̀ sì ti wọ́ kúrò ní bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé bí ọkọ̀ ṣe rí lórí igi ló ṣe wọ̀n ọ́n, ọkọ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojú tì í. Gbogbo àwọn tó pè wá wòran ló ń rántí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Péńtà tó ń bá a kun ọkọ̀ ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní kó kàn fi ẹ̀rọ gé igun òkè ilẹ̀kùn náà, kó fi ipá tì í, kó fi pọ́tì dí ibi tó bá là. Òun á kùn ún, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó ní ṣebí ọjọ́ kan ṣoṣo ni, kí wọ́n ṣáà fi ṣe ayẹyẹ tán. Akínwándé ti gbé ẹ̀rọ ìgérin sọ́wọ́ kó tó rántí ọ̀nà abúlé náà àti bí kòtò ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ipá tì lè já ṣí ní kòtò kejì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ìyá yóò jókòó sí. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì gba ilé ìyá lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ ní Sátidé. Ó ní òun kò mọṣẹ́ tó bí òun ṣe rò, pé bóyá ńṣe ni òun kàn ń tan ara òun jẹ látọjọ́ yìí. Ìyá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Akin, ta ló jókòó sínú ọkọ̀ náà nígbà tí o ń wọn ilẹ̀kùn?”

“Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Orí igi ló wà.”

“Ẹrù ńkọ́?”

“Kò sí ẹrù níbẹ̀, Ìyá.”

“Mo ti gbọ́. O mọṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń sinmi lo ṣe ilẹ̀kùn fún, ọkọ̀ tèmi kì í sì í sinmi. Lọ́la, èmi fúnra mi á wá jókòó síbẹ̀, kí o wá tún un wọ̀n.”

Kí ìyá tó dé ní àárọ̀ Ẹtì, Akínwándé ti jó irin tó nípọn mọ́ abẹ́ ọkọ̀ láàárín. Ìyá mú ìrọ̀rí àti ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ wá, wọ́n sì gbé ìyá jókòó síwájú. Wọ́n kó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá sẹ́yìn, péńtà sì gun orí rẹ̀ jókòó, ó ń kùn sínú. Akínwándé gbé ilẹ̀kùn kọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti há, ó yọ ọ́, ó gbé e lọ sí ìkángun ṣọ́ọ̀bù, ó gé ibi tó ti jó dáadáa tẹ́lẹ̀, ó tún un jó. Ó dùn ún wọra láti gé iṣẹ́ tó fi yangàn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbé e lọ tó tún gbé e bọ̀. Ìyá ń jẹ ẹ̀pà wọn, wọ́n sì sọ fún un pé ìyá tó bí i kò pẹ́ tó báyìí lẹ́yìn ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn padé. Kì í ṣe ìka kan ló fi tì í mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ló gbà, ṣùgbọ́n ó padé pẹ̀lú ìyá àti ẹrù nínú ọkọ̀. Kò sí àyè láti kùn ún mọ́. Báyìí ni píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé ṣe jáde ní Sátidé pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ irin lásán. Ẹ̀yìn ni Akínwándé jókòó sí, gbogbo kòtò tí wọ́n bá sì ti kó sí ló ń na ọrùn wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò mira. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìgbẹ̀bí, ìyá fúnra wọn ló ṣí i, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni di ọwọ́ wọn mú. Akínwándé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí péńtà má baà rí omi ojú rẹ̀.

Ìwọ ọkùnrin tó wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi, ìwọ ni mo ń bá wí. O lo ọjọ́ méje lórí òkè àdúrà, ibẹ̀ lo sì ti pinnu pé o kò ní jágbe mọ́ ìyàwó rẹ mọ́. Mo gbà pé tọkàntọkàn ni. Lórí òkè, kò sí ọmọ tó ń sunkún, kò sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, kò sí ẹni tó ń sọ pé gáàsì ti tán. Ìpinnu náà wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. O sọ̀kalẹ̀ wálé, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi há. O wá jókòó síwájú mi, o ní alágàbàgebè ni ọ́, pé o kò tún ní dán an wò mọ́.

Ìpinnu rẹ kì í ṣe irọ́. Orí igi lo ti ṣe é, bí ilẹ̀kùn Akínwándé. Má fi ipá tì í kí o wá máa rẹ́rìn-ín níta, kí ilé sì máa gbóná. Má sì jù ú nù. Máa lọ sílé báyìí tí àwọn ọmọ ti dé láti ilé ìwé, tí ariwo pọ̀, tó sì ti rẹ ìwọ náà. Jókòó ti ìyàwó rẹ ní kíṣìnì, kí o bi í pé níbo ni ìwà rẹ ti ń há. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí o sì tún ìpinnu náà ṣe níbẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá tún há lọ́la, tún bi í. Dìde, máa lọ. Ó ti tó àsìkò tó máa ń dáná.