Ohun Tí Ìgbín Ń Kọ Sílẹ̀

Nígbà láéláé, ìgbín máa ń kọjá lórí ewé, lórí òkúta àti lára igi, kò sì sẹ́ni tó ń rí ipa rẹ̀. Ohun tó kó o sínú wàhálà lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́rin ni, kò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bó bá ri ẹ̀kùrọ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, á hú u lọ́sàn-án, á lọ rì í síbòmíràn, torí ó ní ojú kan ń wo òun. Ojú ta ni? Kò mọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, ó wá ẹ̀kùrọ́ títí, kò rí ẹyọ kan. Kí làwọn ọmọ máa jẹ? Kíá, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀.

Ta ni kò ní fura sí Ìgbín náà? Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ojoojúmọ́, kó tó fẹnu kan oúnjẹ, á rọra yọ́ lọ sídìí òkúta ńlá kan lẹ́yìn ìrókò. Á pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, á tún rọra padà lọ́wọ́ òfo. Ara rẹ̀ ìbáà yá, ìbáà má yá, kì í pa ọjọ́ kan jẹ.

"Ìgbín, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo kàn jáde díẹ̀ ni."

"O jáde lọ síbo?"

Ìgbín fa orí wọnú ìkarahun. Ojú ló ń tì í, ṣùgbọ́n lójú Ọ̀kẹ́rẹ́, olè paraku nìyẹn.

Ó sáré tọ Àgbọ̀nrín lọ, ẹni tó jẹ́ àgbà igbó. "Bàbá, ẹ bá wa lé Ìgbín kúrò nígbó yìí, kó tó kó wa jẹ tán!"

Àgbọ̀nrín ní kí Ìgbín mú àwọn lọ síbi tó máa ń yọ́ lọ. Wọ́n dé ibẹ̀, wọn ò bá ẹ̀kùrọ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n bá, ó kún ara òkúta láti òkè délẹ̀. Àwọn tòkè rí wọ́gọwọ̀gọ, àwọn tìsàlẹ̀ gún díẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá," ni Ìgbín wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ni. Itọ́ mi ni mo fi ń kọ ọ́. Ìlà kan lóòjọ́, ó dára, kò dára. Ohun tí mo bá rí lánàá ni mò ń kọ. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i, torí kò tíì dáa."

"Kà á ká gbọ́."

Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Eku já bọ́ sómi. Ọ̀kẹ́rẹ́ hú ẹ̀kùrọ́ nídìí ọ̀pẹ, ó kó o lọ sábẹ́ àràbà. Ẹ̀ka ìrókò kan ṣẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ hú ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ àràbà, ó kó o lọ sẹ́bàá odò."

"Irọ́ ni!" Ọ̀kẹ́rẹ́ figbe ta. "Ó kàn ń hùmọ̀ rẹ̀ ni!"

Wọ́n lọ gbẹ́ ẹ̀bá odò. Gbogbo ẹ̀kùrọ́ pé síbẹ̀. Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn fún ìṣẹ́jú kan péré, ni ojú rẹ̀ bá tún le.

"Ẹ ò rí i? Ó mọ gbogbo ibi tí mò ń kó nǹkan sí!"

Àgbọ̀nrín rẹ́rìn-ín títí. "Ìgbín, o ò jalè. Ṣùgbọ́n yíyọ́ tí ò ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ ló jẹ́ ká rò ó sí ọ. Má kọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ibikíbi tó o bá rìn dé ni kó o ti máa kọ ọ́, kí gbogbo wa máa rí i, ìbáà wọ́."

Ẹ̀rù ba Ìgbín pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kò lè fi ìwé kíkọ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi itọ́ pa ikùn, ó sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń rìn.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń fi ìlà dídán sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá gbà kọjá, tí ọ̀kẹ́rẹ́ náà kì í sì í sáré jìnnà kó má dúró wẹ̀yìn wò. Kò mọ̀wé kà. Bó bá ti rí ìlà lára ewé, á na ìrù, á ranjú: "Ìgbín, ṣé èmi lo tún kọ síbí?"

Ìgbín á máa kọ ọ́ lọ ní tirẹ̀. Kò tíì kọ tòní tán.