Aṣọ Tí Wọ́n Fi Dí Imú Ọkọ̀

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òwe yìí kan mọ́tò náà, ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Àdìgún ń fi Píjò àtijọ́ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ gbé àbúrò rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, lọ sílé ọkọ. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Kí ọkọ̀ lè jọ ti ìyàwó, ó ti fi aṣọ òkè bo gbogbo imú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gun òkè ni èéfín funfun yọ, ọkọ̀ sì dúró.

Àdìgún gbé kẹ́ẹ̀gì omi tútù, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ìyá àgbà wọn, tó jókòó lẹ́yìn, ní: "Gbọ́wọ́ kúrò. Omi tó ń hó nínú ẹ̀ á bó ọ lójú. Omi tútù tó o gbé yẹn náà, tó bá kan irin gbígbóná, ẹ́ńjìnnì tí ọkọ mi fi sílẹ̀ á là."

"Ìyá àgbà, wọ́n ti gbé omi tí wọn ó fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń retí wa."

"Omi tiwọn ò jó ẹnikẹ́ni. Tú aṣọ yẹn. Ta ní í dí ẹni tó ń sáré nímú?"

Ó tú aṣọ, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi káṣú títí irin fi tutù. Ó wá fi àkísà rọra ṣí ìdérí, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ dáhùn, wọ́n gun òkè já.

Bí ìyá ọkọ ti ń fọ ẹsẹ̀ Morẹ́nikẹ́, ó bi í pé: "Kí ló dá yín dúró?"

"Ọbẹ̀ ló gbóná, Màámi. A ní kó tutù."